Àpótí Méje Tí Mo Rí ní Pálọ̀ Rẹ

Ìṣẹ̀rí-Olófin,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ mi, Fọlákẹ́ ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ ní àlàáfíà, kí ó sì bá ọ ní ìjókòó, nítorí ó gùn. Gbé Kúnlé fún ẹni tó bá wà nítòsí, bu omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí o kà á láìkánjú. Mo mọ̀ pé o ṣì ń bínú sí mi nítorí ọjọ́ Sátidé. Mo wá kí yín ní Akówọ́njọ, mo bá àpótí méje ní pálọ̀, mo sì pariwo débi pé àwọn ayálégbé ìsàlẹ̀ yọjú wò wá. Ìwọ náà fèsì pé, "Màmá, ẹ ò tiẹ̀ lè wo nǹkan kẹ́ ẹ dákẹ́ ni?" Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ lo sọ. Ọdún méjìlélógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé, ariwo ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Tí mo bá fẹnu sọ ọ́, ìjà ló máa ń dà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Kí n tó sọ ohunkóhun, jẹ́ kí n sọ pé inú mi dùn. Inú mi dùn gan-an ni. Nígbà tí ọkọ rẹ wá sọ fún wa pé ilé iṣẹ́ òun gbà kí àwọn ẹnjiníà inú ọkọ̀ òkun mú ìyàwó àtọmọ wọn dání lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n jọ lọ sí ìlú Òyìnbó, kí wọ́n sì jọ padà, mi ò lè jẹun mọ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lórí omi! Bùsọ́lá ọmọ ọdún mẹ́fà àti Kúnlé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́ta, wọn á jí láàárọ̀, wọn á yọjú, òkun ni wọn á rí. Mélòó nínú àwa ará Ìṣẹ̀rí níbí ló ti rí òkun kọjá etí iyanrìn? Ọlọ́run tóbi, jàre.

Ṣùgbọ́n àpótí méje, Fọlákẹ́! Mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ kún fún aṣọ tìrẹ. Ìkejì kún fún tàwọn ọmọ, títí kan léèsì tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìkẹta, gàrí àti èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí. Ìkẹrin, ìkòkò àti sítóòfù kẹrosíìnì. Sítóòfù kẹ̀! Nínú ọkọ̀ ojú omi! Ta lo fẹ́ dáná sun? Ìkarùn-ún àti ìkẹfà, ẹrù tí àwọn èèyàn ní kí o bá àwọn kó fún ará wọn lọ́hùn-ún. Ìkeje ṣófo gbáà, o ní òun lo máa fi kó ọjà bọ̀. Èyí tó ṣófo yẹn gan-an ló jẹ́ kí ariwo bọ́ lẹ́nu mi.

Kì í ṣe ìwúwo ẹrù ló ń bà mí lẹ́rù. Ọkọ̀ òkun lè gbé odidi àdúgbò. Kúnlé ló ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ yẹn kò rí ohun tó ga kó má gùn ún. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé orí kọ́bọ́ọ̀dù lo ti gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì. Mo mọ ohun tí ẹrù lè fi ọmọ ọdún mẹ́ta ṣe nínú ọkọ̀ òkun, mo sì ti fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ọ láti kékeré rẹ. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òní ni mo fẹ́ sọ ọ́.

O mọ̀ pé bàbá rẹ lọ kàwé nílùú Òyìnbó, àti pé àwa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ọdún méjì. O ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Ìwọ ń lọ sí ọdún mẹ́rin, Ayọ̀ àbúrò rẹ sì wà lẹ́yìn mi, oṣù mẹ́jọ péré. Láyé ìgbà yẹn, ọkọ̀ òkun tó ń kó lẹ́tà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá lọ, ọjọ́ mẹ́tàlá gbáko láti Àpápá.

Kò sí ẹni tó gbọ́ pé mò ń lọ tí kò gbé nǹkan wá. "Ẹ bá mi fún Sàmúẹ́lì." "Ẹ bá mi fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa dá a mọ̀, ọmọ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni." Nínú gbogbo ìlú Òyìnbó! Àbúrò bàbá mi gbé garawa epo pupa wá. Ìyá kan ládùúgbò gbé aṣọ òkè ìgbéyàwó wá fún ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ gbéyàwó lọ́hùn-ún, ó fi bébà wé e, ó tún fi gèlè wé e. Ẹja gbígbẹ wá, èlùbọ́ wá, ọṣẹ dúdú wá. Ta ni yóò kọ̀ ọ́? Tó o bá kọ ẹrù èèyàn, wọ́n á ní o ti di Òyìnbó kó o tó kúrò nílé. Kí n má sì purọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi. Bí wọ́n ṣe ń gbé e wá yẹn, ó ń ṣe mí bí i pé mo ti di èèyàn ńlá. Ẹrù mọ́kànlá ni mo kó dé Àpápá.

Nígbà tí mo rí ọkọ̀ náà, mo la ẹnu, mi ò lè pa á dé. Mo rò pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n kọ́ sétí omi. Mo tiẹ̀ ń na ọrùn, mò ń wá ọkọ̀ lẹ́yìn ilé náà. Ìgbà tí ilé fọn fèrè ni mo tó mọ̀. Irin ni gbogbo rẹ̀, Fọlákẹ́, irin tí ẹgbẹ̀rún èèyàn kò lè gbé, ó sì léfòó lórí omi bí ewé. Mo dì ọ́ mú lọ́wọ́, mo ní, "Háà, ọmọ èèyàn ló ṣe èyí?" Ní tìrẹ, àkàrà lò ń jẹ.

Yàrá tí wọ́n fún wa kò tóbi ju ilé ìdáná rẹ lọ. Bẹ́ẹ̀dì méjì, ọ̀kan lórí èkejì, àga gígùn kan lẹ́bàá ògiri, àti fèrèsé róbótó kan lókè àga náà. Òyìnbó tó ń tọ́jú yàrá ní kí àwọn bá mi kó ẹrù lọ sí ilé ẹrù nísàlẹ̀ ọkọ̀. Mo ní rárá o. Mo ní epo wà níbẹ̀, aṣọ ìyàwó wà níbẹ̀, ẹrù ẹlẹ́rù ni, kò gbọdọ̀ kúrò lójú mi. Mo wá tò wọ́n sórí àga gígùn náà, ọ̀kan gorí èkejì, títí wọ́n fi ga dé abẹ́ fèrèsé. Mo dúró, mo wò wọ́n, mo yin ara mi pé mo mọ ẹrù tò.

Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣọ́ ẹrù yẹn. Tí àwọn èèyàn bá jáde lọ gba atẹ́gùn, mo máa ń ní ẹ máa lọ, mò ń bọ̀. Mò ń ka ẹrù láàárọ̀, mò ń kà á lálẹ́. Wọ́n á ní kí n wá wo nǹkan báyìí báyìí lórí omi, màá ní mo ti rí omi rí.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọkọ̀ mì, ìdérí garawa sì ṣí. Epo dà sórí aṣọ òkè ìyàwó oníyàwó. Mo bú sẹ́kún. Èmi tí mi ò sunkún nígbà tí mo fi ìyá mi sílẹ̀ létí omi, mo sunkún nítorí aṣọ tí kì í ṣe tèmi. O ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀. Mo wò ọ́, mo ní o ti sùn fọnfọn. Mo pọn Ayọ̀, mo gbá aṣọ náà mọ́yà, mo sáré lọ sí ilé ìwẹ̀ tó wà nípẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́, epo kò lọ. Mo wá rántí pé ọṣẹ dúdú wà nínú ẹrù ẹnì kan. Mo padà wá mú un, pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́.

Ooru ti mú kí Òyìnbó yẹn ṣí fèrèsé róbótó sílẹ̀ láti òwúrọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mi ò rí ọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbójú sókè. Ẹsẹ̀ méjì ni mo rí. Ẹsẹ̀ kékeré méjì péré, wọ́n ń jù sókè sódò lórí ẹrù mọ́kànlá mi, ìyókù ara rẹ ti wà níta lórí òkun.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Mi ò pariwo. Bóyá ẹ̀ẹ̀kan náà tí mi ò pariwo láyé mi nìyẹn. Mo gbá ọ lọ́rùn ẹsẹ̀ mú, ọwọ́ kan ni mo fi mú un. Gbọ́ mi dáadáa: ọwọ́ kan. Aṣọ òkè yẹn ṣì wà lọ́wọ́ kejì. Mi ò jù ú sílẹ̀! Kò wá sí mi lọ́kàn pé kí n jù ú sílẹ̀, ọwọ́ yẹn kò tiẹ̀ rántí pé òun lè ṣí. Epo sì ti kun ọwọ́ tí mo fi mú ọ, ẹsẹ̀ rẹ ń yọ̀. Mo ki èékánná bọ̀ ọ́ lẹ́ran, mo fà ọ́. Àpá mẹ́ta tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ òsì rẹ, tí mo máa ń sọ fún ọ pé ilẹ̀kùn ló há ọ, èékánná mi ni.

Mo rò pé igbe ni wàá ké. Ẹ̀rín lò ń rín. Irun rẹ ti tutù, ojú rẹ mọ́ gbòò, o ní, "Màmá, ẹja ńlá ń fò! Ẹ wá wò ó!" O tún fẹ́ gun ẹrù náà padà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo há ọ mọ́ àárín itan mi.

Ìyá àgbà Sàró kan wà ní yàrá kejì sí tiwa, ó ń mú ọmọ ọmọ méjì lọ sí Freetown. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń mí, ó wọlé. Kò bá mi wí. Ó wo fèrèsé, ó wo òkìtì ẹrù, ó wo ọwọ́ mi pẹ̀lú epo. Ó béèrè, "Èwo ni tìẹ nínú gbogbo èyí?" Mo wò wọ́n. Méjì ni tèmi. Nínú mọ́kànlá, méjì ni tèmi! Ó ní, "Ọmọ méjì lo ní, ẹrù méjì lo ní. Ọlọ́run ti bá ọ ṣírò ẹ̀." Ó pe Òyìnbó yẹn, wọ́n kó mẹ́sàn-án tó kù lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀. Mi ò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sókè ọkọ̀. Ó ní, "Ó yá, wò ó." Mo wo iwájú, omi. Mo wo ẹ̀yìn, omi. Mo yí po, mi ò rí igi kan, mi ò rí òkè kan, mi ò rí ibi tí omi ti pàdé ọ̀run. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Òkun ń mí, Fọlákẹ́. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ tí mo pè ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ń bá a lọ sókè sódò bí ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí pákó ọkọ̀, mo fẹ́ gbàdúrà, gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ fò lọ. "Háà" nìkan ló ń jáde lẹ́nu mi. Ẹja wẹ́wẹ́ ń fò jáde láti inú omi, wọ́n na apá bí ẹyẹ, wọ́n tún bọ́ padà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹja ńlá tí ìwọ ti rí ṣáájú mi dé. Wọ́n ń bá ọkọ̀ sáré, wọ́n ń yọ ẹ̀yìn dídán, wọ́n ń fò, kò sì sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́. Mo kéré níbẹ̀ débi pé mo gbàgbé orúkọ ara mi, ó sì dùn mọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti wà láàárín ohun yìí tí mò ń wo garawa!

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Èkíní, dá ẹrù àfiránni padà, gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú ń tì ọ́. Gbé e lé mi lórí: sọ fún wọn pé ìyá rẹ ló ya wèrè ní Sátidé, gbogbo àdúgbò ló kúkú gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ń bínú, kó wá bá mi ní Ìṣẹ̀rí. Èyí tó sì ń bà ọ́ lẹ́rù jù, èlùbọ́ ìyá ọkọ rẹ, mo ti bá ọ lọ. Lẹ́yìn ìsìn lánàá, mo wọ bọ́ọ̀sì dé Ìyànà Ìpájà, mo gun afárá tó kún fọ́fọ́ yẹn pẹ̀lú orúnkún mi tó ń dùn mí, mo lọ bá wọn nílé. Mo ti to ẹjọ́ mi sẹ́nu. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àna mi, ẹ má bínú, yàrá kan ni wọ́n fún àwọn ọmọ yìí." Ǹjẹ́ o mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyá Fọlákẹ́, ta ló fẹ́ jẹ èlùbọ́ lọ́hùn-ún? Mo rò pé tí mi ò bá rán an ní nǹkan, ó máa sọ pé mi ò ka òun sí èèyàn." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ìwọ ń gbà á kí wọ́n má bàa bínú, àwọn ń fún ọ kí o má bàa bínú, Kúnlé nìkan ni ì bá rí nǹkan gùn.

Èkejì, aṣọ. Mẹ́rin mẹ́rin ti tó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, aṣọ òwú tó rọrùn láti fọ̀, àti súẹ́tà kan nítorí òtútù tí ẹ máa bá lókè lọ́hùn-ún. Fọ èyí tí wọ́n bọ́ lójoojúmọ́, atẹ́gùn òkun máa gbẹ ẹ́ kó o tó pàtẹ́wọ́. Léèsì kẹ̀? Ta ni wọ́n fẹ́ fi hàn, àwọn ẹja? Mo wọ ẹ̀yin méjèèjì ní aṣọ léèsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí àwọn Òyìnbó lè mọ̀ pé a wá láti ilé ire. Ayọ̀ bì sórí tiẹ̀, ìwọ fi tìrẹ nu gírísì ara irin ọkọ̀.

Oúnjẹ. Wọ́n ń dáná nínú ọkọ̀, ebi kò pa ọkọ rẹ kú láti ọjọ́ yìí wá. Gbé gàrí díẹ̀ àti ata gígún díẹ̀ fún ẹnu ara rẹ, kó má bàa ṣe ọ́ bí àìsàn. Èmi gbé iṣu lọ nítorí pé mo rò pé ẹ ò ní jẹ ohun Òyìnbó. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ rí búrẹ́dì àti ẹyin, ẹ kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́, èmi nìkan ni mò ń wo iṣu. Tí èébì bá ń gbé àwọn ọmọ, búrẹ́dì gbígbẹ ni kí wọ́n máa jẹ díẹ̀díẹ̀, kí o bó ọsàn fún wọn kí wọ́n máa gbóòórùn rẹ̀. Mú atalẹ̀ dání. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Tó bá ń mì, ẹ jókòó.

Òjá. Mi ò ka nọ́ńbà mọ́, àmọ́ èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo wọn lọ. Mú òjá mẹ́ta. Bí Ìyá Sàró ṣe ṣe ni kó o ṣe: tí ẹ bá ti fẹ́ jáde síta yàrá, so etí kan mọ́ ìbàdí Kúnlé, so èkejì mọ́ ọwọ́ rẹ. Wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rín in. Òjá yẹn náà ni aṣọ ìnura, òun ni ìbora, òun ni ìrọ̀rí. Kò sí ohun tí wọ́n ń tà níbikíbi tó ṣe iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Má to ohunkóhun sábẹ́ fèrèsé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àyè ẹrù. Ohun tí kò bá lè wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ilé rẹ ni kó wà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ojú rẹ kò sì tó ẹrù àti ọmọ.

Ti ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyá nínú ìjọ wa sọ fún mi pé àwọn fẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà kan wá fún ọ, pẹ̀lú àbẹ́là méje. O mọ̀ mí, mi ò fi sùtánà mi ṣeré, mo sì ti rí ohun tí omi àdúrà ṣe. Àmọ́ mo sọ fún wọn pé Ọlọ́run tó ni òkun kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbé omi lọ bá a. Iná àbẹ́là nínú ọkọ̀ nìyẹn náà, ẹ̀gbọ́n sítóòfù. Wọ́n á gbàdúrà sí ọ lórí, ìyẹn kò wúwo.

Ó ku ti ọkọ rẹ, èyí sì lè dùn ọ́ díẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, ó máa ń gòkè wá pẹ̀lú òógùn àti àárẹ̀. Tó bá bá ọ láàárín ẹrù, ọ̀rọ̀ ẹrù ni ẹ máa sọ. Kí n sọ tèmi fún ọ. Bàbá rẹ dúró dè wá létí omi nínú òtútù, ọdún méjì tí a kò ti rí ara wa. Wọ́n ti rù, wọ́n ń sáré bọ̀, ọwọ́ wọn là sílẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún wọn ni pé, "Ẹ bá mi ka ẹrù yẹn wò, ó yẹ kó jẹ́ mọ́kànlá." Wọ́n dúró, wọ́n sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀, wọ́n sì kà á. Ó pé. Ẹni tó ni aṣọ òkè wò ó, ó ní, "Ṣé kò sí èyí tó dáa jù báyìí ni?" Sàmúẹ́lì, títí dòní mi ò rí i. Tí mo bá rántí ọwọ́ bàbá rẹ tó là sílẹ̀ yẹn, ó máa ń dùn mí dénú egungun.

Àpótí tó ṣófo, fi í sílẹ̀. Jẹ́ kí Bùsọ́lá àti Kúnlé mú ohun kan ṣoṣo wá fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tó lè wọ àpò aṣọ wọn. Kí ẹ sì lọ síta lójoojúmọ́, kí ẹ wo omi yẹn. Má jẹ́ kí wọ́n sọ pé àwọn rìn lórí òkun fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ níbi tó o ti tẹ̀ síwájú àpótí ni wọ́n rántí.

Mo fẹ́ lẹ ìwé yìí pa lọ́sàn-án òní, ọwọ́ mi kọ̀. Bàbá rẹ kò mọ̀ nípa fèrèsé yẹn. Nílùú Òyìnbó lọ́hùn-ún, wọ́n béèrè ohun tó ṣe ọ́ lẹ́sẹ̀, èmi ni mo ní ilẹ̀kùn ni, mo sì ti ń sọ ọ́ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mi ò lè jẹ́ kí ìwọ mọ̀ kí wọ́n má mọ̀. Mo pè wọ́n, mo ní kí wọ́n jókòó, mo ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí láti òkè délẹ̀. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Mo ní tí wọ́n bá ní ìyá burúkú ni mí, màá gbà.

Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọwọ́ wo lo fi mú un?"

Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi sí wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n ṣí i, wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ náà bí ẹni tí kò rí i rí, wọ́n wá fi ọwọ́ wọn méjèèjì dì í mú, wọn kò fi í sílẹ̀. Ọbẹ̀ mi jóná lórí iná, mò ń gbóòórùn rẹ̀, mi ò dìde.

Gbogbo ẹni tó bá wá kí yín kí ẹ tó lọ ni yóò máa gbàdúrà pé o ò ní lọ lọ́wọ́ òfo, o ò sì ní bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Máa ṣe àmín, àdúrà rere ni. Ti èmi tí mo bí ọ yàtọ̀. Àbẹ̀kẹ́ mi, kí ọwọ́ rẹ méjèèjì ṣófo lórí òkun, kí Kúnlé lè rí wọn dì mú.

Ìyá rẹ ni.